Ìkẹ́dùn àti Ẹ̀bẹ̀ lórí Àlájì Fàlílù Àmọ̀dá àti Awò Ojú Tí A Ní Wọ́n Dorí Rẹ̀ Kodò

Ẹgbẹ́ Àwọn Oníṣẹ́ Awò Ojú,
Ẹ̀ka Sàngó àti Ọ̀tà.
Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù kẹsàn-án, ọdún 1991.

Sí Àlájà Mùíbátù Àmọ̀dá, àti gbogbo ẹbí Àmọ̀dá, Ojú Ọrẹ, Ọ̀tà.

Pẹ̀lú ìbànújẹ́ tó jinlẹ̀ àti ìtìjú tí kò ṣe é fi pamọ́ ni Ẹgbẹ́ wa fi ń kọ ìwé yìí sí yín lórí ikú Àlájì Fàlílù Àmọ̀dá, tí wọ́n dágbére fáyé ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá oṣù yìí. Ọdún mọ́kànlélógún ni Àlájì fi wọn ojú àwọn ará Ọ̀tà, tí wọ́n gé lẹ́ńsì fún wọn, tí wọ́n sì ń tẹ apá awò títí yóò fi jókòó jẹ́ẹ́ lẹ́yìn etí. Iṣẹ́ náà mọ́ wọn lọ́wọ́. Kò sí ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ oṣù mẹ́fà gbáko ni gbogbo wa fi ṣe bí ẹni tí kò mọ̀.

Nígbà tí àwa ọmọ ìgbìmọ̀ mẹ́ta wá kí yín lọ́jọ́ Àìkú, alága wa, Ọ̀gbẹ́ni Àlàrí, ti ń sọ̀rọ̀ lọ bí a ti í sọ ọ́ nílé òkú, pé ẹni rere kì í pẹ́ láyé. Àlájà gbé ọwọ́ sókè. Wọ́n ní, “Ẹ má bá mi yìn wọ́n, ẹ jọ̀ọ́. Ẹnu yìí náà lẹ fi pè wọ́n ní oníjìbìtì. Ẹ lọ kọ ohun tí ẹ ṣe sílẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ẹ wá kà á níbi fídáù, níwájú àwọn tó gbọ́ tàkọ́kọ́.” Ìdí nìyí tí ìwé ìkẹ́dùn yìí fi gùn ju bó ti yẹ lọ. A mọ̀ pé ẹ ó máa fura sí ìwé náà fúnra rẹ̀, ẹ ó máa wo ibi tí a fẹ́ sá pamọ́ sí nínú rẹ̀. Ẹ jàre.

Akọ̀wé wa, Afọlábí Ṣótúndé, ló ń kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ̀ náà ni ọ̀ràn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ kọ “èmi” síbẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ ní ìwé ẹgbẹ́ ni, kì í ṣe lẹ́tà tí ènìyàn ń kọ sí ìyàwó ilé. Kí ó máa pe orúkọ ara rẹ̀ bí ẹni ń pe ẹlòmíràn. Ó gbà. Ó ní ó tilẹ̀ rọrùn láti rojọ́ Ṣótúndé ju kí ènìyàn rojọ́ ara rẹ̀ lọ.

Ẹ mọ bí ìlú ti rí láti ìgbà tí Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba yẹn, ti dé. Lẹ́ńsì tuntun di ohun à ń wá kiri. Ilé iṣẹ́ ń dá òṣìṣẹ́ dúró ní Ọ̀tà, wọ́n ń dá wọn dúró ní Àgbárá, ẹni tó bá sì ṣẹ́kù sẹ́nu iṣẹ́ kò lówó awò tuntun. Awò òkìrìkà wá kún Ìyànà Iyesi, wọ́n tẹ́ wọn sórí ọ̀rá lẹ́bàá títì. Ènìyàn á bẹ̀rẹ̀, á gbìyànjú mẹ́rin, á sì mú èyí tí kò bá kọ́ ọ lójú jù. Ẹgbẹ́ ní kí kálukú máa ṣọ́ ẹnìkejì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi òkìrìkà ba iṣẹ́ wa jẹ́. Ìfura loògùn àgbà, lóòótọ́ ni, ṣùgbọ́n Ṣótúndé mu tirẹ̀ ní àmujù. Ó fura sí àwọn tó ń ta fíréèmù fún un. Ó fura sí oníbàárà tó bá sanwó láìnájà. Bí ìyàwó rẹ̀, Ẹfúnkẹ́, bá se ọbẹ̀ tí ẹran pọ̀ nínú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bèèrè ibi tí ẹran náà ti wá.

Ohun àkọ́kọ́ tó rí lára Àlájì ni báàgì dúdú kan. Gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, wọn á gbé e kọ́ èjìká, wọn á wọkọ̀ lọ sí Àgbárá. Ṣótúndé tẹ̀ lé wọn lẹ́ẹ̀kan. Ó dúró lẹ́yìn búkà kan lódìkejì títì, ó ń yọjú. Ó rí Àlájì lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan lásìkò tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pààrọ̀ ṣíìfù, ó rí i tí awò ń wọ inú báàgì, tí awò ń jáde nínú báàgì. Kò sún mọ́ wọn. Ó padà sí Sàngó, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé Àlájì ń ta òkìrìkà. Ká ní ó rìn bí ogún ẹsẹ̀ síwájú ni, ì bá rí i pé awò tó ti wọ́, tí apá rẹ̀ ti yẹ̀, ni Àlájì ń tún ṣe fún àwọn òṣìṣẹ́ náà lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ dalẹ́ kò ráyè wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ọdún mẹ́sàn-án ni wọ́n fi ṣe é, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni nínú wa.

Ohun kejì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ lójú rẹ̀. Ó ń kọjá lẹ́nu ṣọ́ọ̀bù Àlájì lọ́jọ́ kan, ó rí ọkùnrin kan tó dúró lórí bẹ́ǹṣì, tó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tí olè yọ ìbọn sí. Nàfísátù, ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Àlájì, dúró nísàlẹ̀ pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, ó ń ké pé, “Ẹ wòkè dáadáa, sà, ẹ má wò mí!” Àlájì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń mi orí. Yábàá ni Ṣótúndé ti kọ́ṣẹ́ ní tirẹ̀. Ó gbé ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kọ́ sára ògiri níbi tí gbogbo ayé ti lè rí i. Lọ́dọ̀ ọ̀gá tirẹ̀, àga ni oníbàárà ń jókòó sí, iwájú ló sì ń wò. Ó sáré lọ bá alága. Ó ní, “Ọ̀gbẹ́ni Àlàrí, nǹkan wà lábẹ́ àṣọ níbẹ̀ yẹn o. Kì í ṣe ojú nìkan ni Àlájì ń wọ̀n.”

Ojú náà ni wọ́n ń wọ̀n. Ohun tí Nàfísátù ń kọ́ nìyẹn, gẹ́gẹ́ bó ti là á yé wa nígbà tó ti pẹ́ jù. Ọdún àkọ́kọ́, ó nu lẹ́ńsì, ó sì ń ki apá awò bọ inú iyanrìn gbígbóná kí ó lè rọ̀, kí wọ́n lè tẹ̀ ẹ́ bá etí oníwun mu. Ọdún kejì, ó kọ́ bí a ti ń fi rúlà wọn àyè tó wà láàárín ẹyinjú méjèèjì. Lẹ́yìn ìyẹn ni Àlájì wá fi ohun tí wọ́n fi ju gbogbo wa lọ hàn án. Wọ́n ní ìwé dókítà ń sọ bí lẹ́ńsì yóò ti lágbára tó, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tí ẹni tó ni ojú yóò gbà wo nǹkan. Nítorí náà, ìbéèrè kan ni ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi oníbàárà: “Kí lẹ fi ojú yín ń ṣe?” Bí ó bá jẹ́ télọ̀, kí ó tẹrí ba bí ẹni ń ránṣọ. Bí ó bá jẹ́ awakọ̀, kí ó mú ọwọ́ bí ẹni di ìdarí ọkọ̀ mú. Ìgbà tó bá ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lójú wọn ni wọn yóò tó fi àmì sára lẹ́ńsì.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ọkùnrin kan wá bá wọn, Ayọ̀rìndé, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń tún wáyà iná ṣe ní ilé iṣẹ́ kan ní Sàngó. Ó ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún, kò rí ọ̀ọ́kán dáadáa mọ́, kò sì rí ìtòsí. Dókítà kọ lẹ́ńsì olójú méjì fún un, èyí tí apá òkè rẹ̀ wà fún ọ̀nà jíjìn, tí apá ìsàlẹ̀ sì wà fún ìtòsí, nítorí pé ilẹ̀ ni gbogbo wa ń wò bí a bá ń kàwé. Àmọ́ Ayọ̀rìndé kì í kàwé lẹ́nu iṣẹ́. Orí àkàbà ló ń wà láti àárọ̀, wáyà á sì wà lókè orí rẹ̀, kò ní ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ sí ojú rẹ̀. Òkè ni ìtòsí tirẹ̀ wà. Àlájì ní kí ó gun bẹ́ǹṣì, kí ó na ọwọ́ sókè. Wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì yí lẹ́ńsì náà, wọ́n fi ojú ìtòsí sókè. Ọkùnrin náà lọ sẹ́nu iṣẹ́, ó ń ríran, ó ń dúpẹ́.

Ìyànà Iyesi ni Ṣótúndé ti pàdé rẹ̀, níbi tí àwọn méjèèjì ti ń dúró de ọkọ̀ Sàngó. Ó rí ìlà inú lẹ́ńsì náà lókè, níbi tí kò yẹ kí ó wà. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ bó ti rí. Inú rẹ̀ dùn bí inú ẹni tó ti ń ṣọ́ olè láti ọjọ́ pípẹ́.

“Bọ̀ọ̀dá, ẹ má bínú, ta ló ṣe gíláàsì yìí fún yín?”

“Bàbá Ojú Ọrẹ ni o. Ó sì bá mi lára mu.”

“Ó bá yín lára mu kẹ̀? Wọ́n dorí ẹ̀ kodò! Wọ́n fẹ́ fọ́ yín lójú ni!”

“Àmọ́ mò ń ríran, ọ̀gá.”

“Ojú yín ló ti mọ́ àbùkù lára. Ẹ jẹ́ ká lọ.”

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù Ṣótúndé, Ayọ̀rìndé rí ìwé ẹ̀rí lára ògiri, ó panu mọ́. Fíréèmù náà rí róbótó, kò ṣòro yí. Ṣótúndé tú síkúrúù, ó yí lẹ́ńsì méjèèjì padà sí bí wọ́n ti kọ́ ọ ní Yábàá, kò sì gba kọ́bọ̀. Nígbà tó sùn lálẹ́ ọjọ́ náà, ó rò pé òun ti ṣe àánú. Ọjọ́ kẹrin ni Ayọ̀rìndé gun àkàbà, tí wáyà tó wà lókè orí rẹ̀ di ìkùukùu. Ó ju orí sẹ́yìn kí ó lè fi ìsàlẹ̀ awò wòkè, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó já bọ́, ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé e lọ sílé, lọ́dọ̀ àwọn tó ń to egungun ní Ògbómọ̀ṣọ́.

Ọjọ́ kejì oṣù kẹta ni ẹgbẹ́ jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ṣótúndé dìde, ó ka ẹ̀sùn mẹ́ta: òkìrìkà inú báàgì, ènìyàn lórí bẹ́ǹṣì, àti awò tó ju oníṣẹ́ sílẹ̀ látorí àkàbà. Ó gbé awò náà, tó gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń bá Ayọ̀rìndé ṣiṣẹ́, sókè kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Kò sọ pé ọwọ́ òun ti dé inú rẹ̀. Ó ń sọ fún ọkàn rẹ̀ pé àtúnṣe kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, pé kò kan ẹjọ́, ṣùgbọ́n bó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ ni ohùn rẹ̀ ń ròkè sí i. A kò ránṣẹ́ sí Ayọ̀rìndé. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà; a gbọ́ ọ láti kékeré, a sì tún ṣe é.

Àlájì gba awò náà, wọ́n kọjú rẹ̀ sí fèrèsé, wọ́n fi èékánná tọ́ síkúrúù. Wọ́n ní, “Èmi kọ́ ni mo dè é báyìí. Ẹnìkan ti tú u lẹ́yìn mi.”

Alága ní, “Ta ni?”

Àlájì wo gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú wọn dé ọ̀dọ̀ Ṣótúndé, ó dúró díẹ̀, ó sì kọjá. Wọ́n ní, “Mi ò rí ẹni tó tú u. Ohun tí mi ò fojú mi rí, mi ò ní jẹ́rìí sí i.”

A pe ìyẹn ní àwáwí. Ẹnìkan tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. A gba káàdì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ wọn, a sì dá ìwé òmìnira Nàfísátù dúró, tí wọ́n ti fi sí oṣù kẹrin, nítorí pé òfin wa ní ẹni tí ẹgbẹ́ bá dá dúró kò lè fa ọmọ iṣẹ́ kalẹ̀. Ọdún mẹ́rin tí ọmọ náà fi sìn wọlẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ọ̀rọ̀ sì yọ jáde ní ìpàdé wa, ó dé mọ́ṣáláṣí ṣáájú Àlájì. Àwọn oníbàárà ogún ọdún bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Ẹ̀yin tí ẹ wà nílé náà mọ bó ti rí jù wá lọ.

Ní ìparí oṣù kẹjọ, Ṣótúndé gbọ́ pé Nàfísátù ṣì ń wọn ojú fún ènìyàn. Ó ní òun yóò lọ ká a mọ́ ọn. Ó wọ ṣọ́ọ̀bù náà láìkan ilẹ̀kùn. Ayọ̀rìndé ni ó bá lórí bẹ́ǹṣì, ọwọ́ rẹ̀ ti jinná, ó sì wá ṣe awò mìíràn. Bó ti rí Ṣótúndé, ayọ̀ ni ó fi kígbe, kò ní ibi kankan nínú: “Háà, ọ̀gá! Àlájì, ọ̀gá tó bá mi yí gíláàsì yẹn padà rèé o! Kò tiẹ̀ gbowó lọ́wọ́ mi.”

Ṣótúndé ń retí kí Àlájì bú òun, ó tilẹ̀ ń fẹ́ ẹ. Nàfísátù ló sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ọ̀gá akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gun bẹ́ǹṣì.”

Ó gùn ún. Ó fi awò tuntun Ayọ̀rìndé sójú, ó wo ibi tí wáyà iná ti wọ àjà, ó sì rí i kedere, gbogbo okùn tín-tìn-tín inú rẹ̀. Nàfísátù gba ìyẹn, ó na èyí tí a ṣe bíi ti gbogbo ayé sí i. Wáyà di ìkùukùu. Láìmọ̀, ó ju orí sẹ́yìn kí ó lè ríran, bẹ́ǹṣì mì, ó ń ṣubú lọ. Ọwọ́ Àlájì ló gbá ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Wọ́n ní, “Rọra, Ṣótúndé, rọra.” Wọn kò fi í sílẹ̀ títí ó fi sọ̀ kalẹ̀.

Wọ́n wá bi í pé, “Ṣé wàá sọ fún wọn?”

Ó ní, “Màá sọ, sà.”

Wọ́n ní, “Tèmi kọ́. Ti ọmọ yìí ni kí o bá mi tètè yanjú.”

Ṣótúndé kò tètè yanjú rẹ̀. Ọ̀la ni, ọ̀tunla ni, ó lé ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó ń fura pé Àlájì yóò ṣáájú òun dé ọ̀dọ̀ alága, ó ń tẹ́tí sílẹ̀ kiri ìlú fún ọ̀rọ̀ tí ẹnikẹ́ni kò sọ. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan ni ẹ̀rù tòótọ́ wá bà á. Ọjọ́ keje oṣù yìí ló jẹ́wọ́ fún Ọ̀gbẹ́ni Àlàrí. Alága fi ìpàdé sí Sátidé tó tẹ̀ lé e, láti dá Àlájì láre ní gbangba, ó sì fún Ṣótúndé ní ìwé ìpè kí ó gbé e lọ fún wọn. Ó ní òun yóò gbé e lọ lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, kí ojú má baà ti òun jù. Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn ìrun àsárì, Àlájì dìde lórí ẹní, wọ́n ní àyà ń dun àwọn, wọ́n sì kú. Ìwé ìpè náà ṣì wà nínú àpò ṣẹ́ẹ̀tì Ṣótúndé nígbà tí wọ́n ń kó iyẹ̀pẹ̀ bò wọ́n. Wọ́n kú láìmọ̀ pé a ti fẹ́ dá wọn láre. A kò ní ọ̀nà tí a lè gbà tún ìyẹn ṣe, a kò sì ní fi ẹnu dídùn bò ó mọ́lẹ̀.

Ìpàdé Sátidé wáyé. A fagi lé ìdájọ́ oṣù kẹta, a sì kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́ pé Àlájì Fàlílù Àmọ̀dá kò jẹ̀bi ohunkóhun. Nàfísátù wá, ó jókòó lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kò sún síwájú nígbà tí a bẹ̀ ẹ́. A ti kọ ìwé òmìnira rẹ̀. Alága fọwọ́ sí i, akọ̀wé fọwọ́ sí i, ó wá ku àyè kan, ti ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́. Òfin wa kò mọ ìwé tí ọ̀gá kò fọwọ́ sí. Ṣótúndé dìde, ó ní bí ọmọ náà bá gbà, òun yóò fọwọ́ síbẹ̀ dípò Àlájì.

Nàfísátù wò ó. Ó ní, “Kí ni ẹ kọ́ mi, sà?”

Ó tọ́ka sí àyè tó ṣófo nínú ìwé náà. Ó ní, “Ẹ fi àyè ọ̀gá mi sílẹ̀ bó ṣe wà yẹn. Ẹni tó bá bi mí ìdí tó fi ṣófo, màá sọ fún un.” A gbà bẹ́ẹ̀. Ó gba ìwé náà, ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀ bí ẹni ń wo owó bóyá ayédèrú ni, ó sì lọ láìdágbére.

Ẹgbẹ́ kò ní yí ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí padà nínú ìtàn rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Ojú Ọrẹ ti di ti Nàfísátù, gẹ́gẹ́ bí ẹbí ti fẹ́, ẹnikẹ́ni nínú wa kò sì ní yọ ọ́ lẹ́nu. Iṣẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ ní Àgbárá, àwa ni yóò máa ṣe é ní ìyípo, bẹ̀rẹ̀ láti Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yìí. Bí ẹ bá fẹ́ rán ẹnìkan láti wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni, ẹ rán an. A kò ní bínú.

Ẹ̀bẹ̀ tó yẹ kí a bẹ Àlájì lójú ayé ni a ń bẹ̀yin báyìí, a kò sì ní kí ẹ tètè dárí jì wá. Kí Ọlọ́run Ọba, tí kò nílò ẹlẹ́rìí kí Ó tó mọ olóòótọ́, forí jin Àlájì, kí Ó tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Kí Ó wo ọgbẹ́ inú Àlájà sàn, kí Ó di ọkọ fún wọn, kí Ó di bàbá fún àwọn ọmọ. Kí Ó má jẹ́ kí ilé yìí tún gba irú àlejò tí àwa jẹ́. Àmín.

Àlàrí, Alága.
Afọlábí Ṣótúndé, Akọ̀wé.